Òjìji Ọdẹ́jìnmí Nínú Oko Ápù Ìlú Ta-Ló-Ṣe-É

Ta ló dúró sẹ́yìn mi yẹn? Bọ́ síwájú níbi tí mo ti lè rí ọwọ́ rẹ méjèèjì. Àádọ́ta ọdún tí mo fi ṣọdẹ, ẹran kankan ò gba ẹ̀yìn yọ sí mi rí, èèyàn ò sì ní bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹn-ẹ́n. Lánìyọnu ni. Abájọ! Jókòó síbẹ̀ yẹn, jìnnà sí àpò mi díẹ̀. Ẹ̀yin tó kù, ẹ súnmọ́ra, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kí n gbé àga mi bọ́ sínú oòrùn o. Mo mọ̀ pé ọyẹ́ ń mú, mo sì mọ̀ pé oòrùn àárọ̀ dùn ún yá. Abẹ́ odán yìí ni ẹ bá mi, abẹ́ rẹ̀ náà ni mo ti ń jókòó láti ìgbà tí èmi àti ìyàwó mi ti dé ìlú yìí, títí tí ẹ fi sọ mí ní Bàbá Abẹ́ Odán. Ẹ fi mí síbẹ̀. Ta ló gbé emu yìí wá? Kí onítọ̀hún kọ́kọ́ mu ún kí n rí i.

Ó ti mu ún? Ṣé ó gbé e mì? Ó dáa, ẹ bu tèmi wá.

Ìtàn ọdẹ kan tí ń jẹ́ Ọdẹ́jìnmí ni mo fẹ́ sọ. Ẹ má bi mí léèrè bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n ju bí ẹnikẹ́ni nínú yín ṣe mọ bàbá tó bí i lọ. Akọni ni. Bí ẹfọ̀n bá gbúròó ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú igbó, ṣe ni yóò máa wá ibi tí yóò sá wọ̀. Ìbọn rẹ̀ kì í tàsé, ó ga, ó taagun, ó sì lẹ́wà lọ́kùnrin. Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín? Àmọ́ àbùkù kan wà lára rẹ̀: kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Bí ìyàwó rẹ̀ bá gbé oúnjẹ fún un tí ẹran pọ̀ nínú ọbẹ̀, yóò ní, "Kí lo ṣe tí o fẹ́ fi ẹran bò mọ́lẹ̀?" Bí ẹran náà bá sì kéré, yóò ní, "Ta ló jẹ ìyókù?" Obìnrin náà ní sùúrù, Ọlọ́run ló mọ ibi tó ti rí i.

Ní ọjọ́ kan, Ọdẹ́jìnmí rí ẹtu kan tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́ta rìn. Ẹtu náà yóò rìn díẹ̀, yóò dúró, yóò sì bojú wẹ̀yìn bí ẹni tó ń dúró de àlejò. Ẹlòmíràn ì bá ti padà sílé. Ọdẹ́jìnmí ní, "Wọ́n rán ọ sí mi ni. N ó tẹ̀ lé ọ títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó rán ọ." Ó gbé ìbọn àti àdá, ó gbé kèrègbè ògógóró rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ń bọ̀ kí oṣù tó lé, ó sì tẹ̀ lé ẹtu wọ Igbó Ẹ̀yìn-Lójú.

Mi ò ní fi ọ̀nà yẹn dá yín lágara. Ó rìn títí ó fi dé ẹnubodè kan tí wọ́n fi òkúta kọ́, ibẹ̀ sì ni ẹtu ti pòórá. Iwin kan ló jókòó sẹ́nu ibodè náà. Olójú-Lẹ́yìn lorúkọ rẹ̀. Ojú kan ló wà níwájú orí rẹ̀, méjìlá wà lẹ́yìn, nítorí náà ó kẹ̀yìn sí Ọdẹ́jìnmí kí ó lè rí i dáadáa.

Iwin ní, "Ìwọ tó ń bọ̀ yìí, kí lo fẹ́ wá jí?"

Ọdẹ́jìnmí ní, "Kí lo ní tó tó jí?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ iwin nínú, gbogbo ojú méjìlá rẹ̀ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní, "O fara jọ àwọn ará inú ìlú yìí. Ó dáa, dá mi lóhùn kí o tó wọlé. Kí ni ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tí gbogbo onílé ń kí i káàbọ̀, tí ó ń tọ́jú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń fi ikú sílẹ̀ níbi gbogbo tó bá dé?"

Ọdẹ́jìnmí ní, "Àjẹ́ ni."

"Rárá."

"Àlejò tó fẹ́ jalè ni."

"Rárá."

"Àna ni."

Iwin rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mẹ́tàlá. "Rárá o! O ò mọ̀ ọ́n. Wọlé, ọjọ́ tí o bá mọ̀ ọ́n, ọwọ́ rẹ ni yóò wà. Àmọ́ gbọ́ o: èèyàn kì í jáde níbí láìní òjìji. Bí o bá fẹ́ padà sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ, ṣọ́ òjìji rẹ."

Ọdẹ́jìnmí wo ilẹ̀, ó rí òjìji rẹ̀ tó nà gbalaja sílẹ̀, orí, ọrùn, ọwọ́ méjèèjì. Ó rò ó pé ta ló máa jí òjìji. Ó wọlé.

Orí òkè tútù kan ló já sí. Kì í ṣe òtútù ọyẹ́ tiwa yìí o, òtútù tí ń mú eyín gbá ara wọn ni. Oko kan ló tẹ́ lọ bẹẹrẹ níwájú rẹ̀, igi rẹ̀ wà ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, èso pupa sì wà lórí wọn. Ápù ni. Ápù yìí náà tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá tí wọ́n ń sáré gbé bá yín lójú fèrèsé ọkọ̀. Àmọ́ bí Ọdẹ́jìnmí ṣe ń wo oko náà, ara fu ú. Àwọn igi kan jóná láàárín àwọn tó yè. Ewé wọn dúdú, wọn ò sì já bọ́, ṣe ni wọ́n kàn so rọ̀ síbẹ̀. Ṣóńṣó ẹ̀ka wọn tẹ̀ kọdọrọ bí orí ọ̀pá arúgbó. Ó wo ilẹ̀, kò rí eérú. Ó fa imú, kò gbóòórùn èéfín. Ó fọwọ́ kan ẹ̀ka kan tó ti dúdú, oje kan tó rí bí oyin sì lẹ̀ mọ́ ọn níka.

Ibi tó ti ń wo ìka rẹ̀ ni wọ́n ti rọ́ bò ó. "Òun nìyí! Ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́! Òun ló ń dáná sun igi!"

Ìlú Ta-Ló-Ṣe-É ni wọ́n wọ́ ọ lọ. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kíra wọn níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá pàdé ẹnì kejì láàárọ̀, yóò ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ṣé ẹ̀yin kọ́?" Ẹnì kejì yóò ní, "Èmi kọ́ o. Ṣé ẹ̀yin náà kọ́?" Bí wọ́n bá ti kíra tán, kálukú yóò máa fẹ̀yìn rìn lọ kí wọ́n lè máa wo ara wọn títí wọ́n fi máa dé kọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Ọdẹ́jìnmí díẹ̀, kí n má purọ́. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé àwọn wọ̀nyí gbọ́n ju àwọn ará ilé òun lọ.

Ọba wọn, Ọba Mi-Ò-Gbà, jókòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri gbọnin. Ó ní, "Ọdún keje rèé tí wọ́n ti ń dáná sun oko mi. Ápù nìkan ló ń hù lórí òkè yìí, òun la ń jẹ, òun la ń gbẹ pa mọ́. Bí oko yìí bá tán, a tán. Òfin wa ni pé a ó so ẹni tó ń sun ún mọ́ igi tó kú, títí òun náà yóò fi di igi. A ti so ogójì èèyàn, igi ò yéé jóná. Ìwọ ló kù tí a ò tíì so."

Ọdẹ́jìnmí ní, "Kábíyèsí, òní ni mo dé. Ọdún méje ni igi yín ti ń jóná."

Ọba ní, "Ohun tí ọ̀daràn máa sọ gan-an nìyẹn."

Ohun tí Ọdẹ́jìnmí náà ì bá sọ nìyẹn bó bá jẹ́ òun ni ọba. Ni ọba bá ní kí wọ́n mú un jáde sínú oòrùn. Ẹ̀ṣọ́ méjì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n di òjìji rẹ̀ mú létí, wọ́n ká a bí ẹni tó ń ká ẹní, wọ́n gbé e lọ sídìí ọ̀wọ́ igi méjìlá tó wà ní ìpẹ̀kun oko, wọ́n sì tú u so mọ́ ẹ̀ka igi kejìlá, igi tí àìsàn ò tíì mú. Ọba ní, "Kí igi yìí tó yọ òdòdó, fi ẹni tó ń dáná sun oko mi hàn mí. Bí o kò bá lè fi í hàn, ìwọ ni. Bí igi yìí bá sì jóná kí ọjọ́ náà tó pé, òjìji rẹ bá a lọ, o ò sì ní padà sílé mọ́ láyé."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó dunni kí oòrùn máa ràn sórí èèyàn, kí ilẹ̀ má sì mọ̀ pé ó dúró. Ara rẹ̀ fúyẹ́, ojú sì tì í bí ẹni tó wà níhòòhò lọ́jà. Àárò ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ kankan lọ. Ó rántí gbogbo ọbẹ̀ tó ti fi ìbéèrè bà jẹ́ fún un.

Lánìyọnu, kí lò ń sọ sí ẹnìkejì rẹ létí? Sọ ọ́ síta. O ní ta ló rí èèyàn tí wọ́n ká òjìji rẹ̀ rí? Dúró dè mí ná, a ó jọ parí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ilé ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Yéyé Agẹ́ka ni wọ́n fi Ọdẹ́jìnmí wọ̀ sí. Yéyé ló ń rẹ́ ẹ̀ka igi oko náà, bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ṣe ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni ìyá ìyá rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ń dùn ún, síbẹ̀ kò sí ọjọ́ tí kì í dé oko. Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, ó gbé ápù gbígbẹ tó sè fún àlejò rẹ̀. Ọdẹ́jìnmí ní kó kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Yéyé jẹ ẹ́. Ó ní kó tún jẹ ẹ́ láti etí kejì abọ́. Yéyé tún jẹ ẹ́, ó ní, "Ọmọ mi, bí o bá ń bá a lọ báyìí, ebi ni yóò pa ọ́, èmi yóò sì sanra."

Láti ọjọ́ kejì ni ọdẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ oko. Ó kọ́kọ́ fura sí Olójú-Lẹ́yìn, torí ẹni tó ní ojú mẹ́tàlá gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń wá kiri. Ó fura sí àwọn oyin, torí ó rí i tí wọ́n ń bà lé oje orí ẹ̀ka dúdú. Ó fura sí olorì kékeré tó ń rẹ́rìn-ín jù. Ó tiẹ̀ fura sí ọba fúnra rẹ̀. Gbogbo wọn ló dùbúlẹ̀ dè bí ó ti ń dùbúlẹ̀ de ẹran, kò sì rí iná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Igi sì ń jóná lọ.

Ìgbà tó rẹ̀ ẹ́ ló wá ṣe ohun tó yẹ kó ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdẹ ni, àbí? Bí ọdẹ ò bá rí ẹran, ipasẹ̀ rẹ̀ ló ń wò. Ó fi ẹran sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ipasẹ̀. Ó bi àwọn ará ìlú pé igi wo ló kọ́kọ́ jóná, èwo ló tẹ̀ lé e, ó sì ń fi ẹfun sàmì sí ìdí wọn bí wọ́n ṣe ń dá a lóhùn. Bó ṣe ṣe é tán, ó gun orí àpáta kan, ó wo ẹfun náà láti òkè. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan ló rí. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ilé tí wọ́n fi í wọ̀ sí, ó lọ tààrà, ó yà sọ́tùn-ún níbi odò, ó sì dúró gbọnrangandan ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àpáta tó ga. Igi ápù pọ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, kò sí ẹyọ kan tó jóná níbẹ̀. Wọ́n ní ọdún keje rèé tí ẹnikẹ́ni ò ti rẹ́ ẹ̀ka wọn. Ta ni kò lè gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́? Ẹni tí orúnkún ń dùn ni!

Inú rẹ̀ dùn pé òun ti mú ẹran òun, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ torí ẹni tí ẹran náà jẹ́. Ó sáré lọ bá Yéyé Agẹ́ka níbi tó ti ń rẹ́ igi.

"Yéyé, ẹ̀yin ni. Ẹ má jiyàn. Ibi tí ẹ bá dé ló ń jóná, ibi tí ẹ ò lè dé ló ń yè."

Ìyá arúgbó náà ò jiyàn. Ó kàn jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní, "Èmi tí mo fẹ́ràn wọn? Kí ni mo fi sun wọ́n? Yẹ ara mi wò. Ṣé o rí ìṣáná?"

Ọdẹ́jìnmí ní, "Ẹ ṣe bí ẹ ti ń ṣe lójoojúmọ́ kí n máa wò yín."

Yéyé dìde. Ó gé ṣóńṣó ẹ̀ka kan tó ti dúdú, ibi tí dúdú ti parí gẹ́lẹ́ ló ti gé e. Lẹ́yìn náà ó lọ sídìí igi kejì tó yè, ó gé díẹ̀ lára òun náà. Ó lọ sídìí ẹ̀kẹta, ó gé díẹ̀.

"Kí ló ṣe ìyẹn tí ẹ fi ń gé e? Ara rẹ̀ le."

Yéyé wò ó bí ẹni tó ń wo òmùgọ̀. "Kó má baà jowú ni! Ọmọ ìyá ni gbogbo wọn. Ṣé n ó tọ́jú ọ̀kan kí n wá kọjá lára ìyókù bí ẹni pé mi ò rí wọn? Bí ọ̀kan bá ń ṣàìsàn, gbogbo wọn la máa ń fọwọ́ kàn. Bí a ṣe bá a nìyẹn."

"Ẹ jẹ́ kí n rí ọ̀bẹ yẹn."

Ọ̀bẹ ẹni tó tẹ ìlú náà dó ni. Oje igi ti gbẹ lé e lórí ní ìpele ìpele, ó nípọn bí èèpo igi. Èèwọ̀ tí ọba fi òfin dè ni, omi ò gbọdọ̀ kàn án, iná ò gbọdọ̀ kàn án. Yéyé ní, "Ẹ̀wù rẹ̀ nìyẹn. Bó ṣe ń dàgbà ló ń wọ̀ ọ́ lé."

Ọdẹ́jìnmí di ọ̀bẹ mú. Ó rántí bàbá rẹ̀ nílé. Bí bàbá rẹ̀ bá fi ọ̀bẹ kun ẹran tí ara rẹ̀ ò dá, inú iná ló ń kì í bọ̀ kó tó fi kan ẹran mìíràn. Kì í ṣàlàyé, ó kàn ń ṣe é ni. Ọdẹ́jìnmí wo oje tó lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ, ó wo oje tó ń kán lórí ẹ̀ka dúdú, ọ̀kan náà ni wọ́n. Àrùn kan wà nínú oje yẹn tí ojú ò lè rí, ẹ̀yin ọmọ iléèwé ẹ ń pè é ní kòkòrò àìfojúrí. Kò sẹ́ni tó ń dáná sun igi. Igi ń ṣàìsàn ni, ọ̀bẹ sì ń gbé àìsàn náà lọ kí igi kọ̀ọ̀kan. Ó gbọ́ ẹ̀rín iwin ẹnubodè létí rẹ̀, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ọ̀bẹ wà níbẹ̀.

Ó tọ ọba lọ. Ó ní òun ti mú ẹni náà, ọ̀bẹ ni. Ọba Mi-Ò-Gbà ní, "Ọ̀bẹ ò lẹ́sẹ̀. Ta ló gbé e rìn?" Ọdẹ́jìnmí mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bó bá dárúkọ. Ó ní, "Kábíyèsí, ẹ fún mi ní ọ̀wọ́ igi méjìlá tó wà ní ìpẹ̀kun, èyí tí òjìji mi wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n rẹ́ wọn bí mo ṣe fẹ́. Bí wọ́n bá tanná láìsí dúdú, ẹ ó mọ̀ pé òótọ́ ni mo sọ." Ọba ní òun ò gbà, àmọ́ kó ṣe é kí òun wò.

Ó dúró di ìgbà tí òjò dáwọ́ dúró tí ewé ti wọ́ tán, torí ara tútù igi ló ń gba àrùn. Ó ní kí Yéyé jókòó máa wo òun. Igi tó bá ṣàìsàn, kò gé e níbi tí dúdú parí sí. Ó ń fi apá wọn ọ́n, láti ìka dé ìgúnpá sínú ibi tó ṣì tutù yọ̀yọ̀, ibẹ̀ ló ń gé. Yéyé ké pé ó ń fi ara tó yè ṣòfò. Ó ní, "Yéyé, ibi tí ojú rí i dé kọ́ ló dé." Ẹ̀ka méjì tó bá ń fara gbora, ó ń yọ ọ̀kan kí atẹ́gùn lè wọlé. Gbogbo ohun tó gé, ó ń kó o sínú iná. Kí ó tó gbé àdá kúrò lára igi kan bọ́ sí òmíràn, ó ń da ògógóró sí i lójú, ó ń nù ún nù ún.

Ibí yìí ló ti ń le láti sọ. Ẹ bu emu sí i.

Òtútù ń mú. Ògógóró sì wà lọ́wọ́. Ó da díẹ̀ sójú àdá, ó da díẹ̀ sí ọ̀nà ọ̀fun. Igi kejì, bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa dé igi kẹfà, tọ̀nà ọ̀fun ti ń pọ̀ ju tojú àdá lọ. Bó ṣe parí igi kọkànlá, ó yí kèrègbè dorí kodò, kò kán tó. Igi kejìlá ló kù, igi òjìji rẹ̀, ara rẹ̀ le, kò sì ní ju ẹ̀ka kan ṣoṣo tó fẹ́ yọ. Ìhà tí oòrùn ń là ló wà, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹnu ewé. Iná tí ì bá ti àdá bọ̀ wà ní ìpẹ̀kun ọ̀wọ́ lọ́hùn-ún. Ọdẹ́jìnmí wo ibẹ̀, ó rí i bí ibi tó jìnnà. Ó ní, "Ẹ̀ka kan ṣoṣo, kí ló lè ṣe?" Ó fi etí ẹ̀wù nu àdá, ó sì gé e.

Ọjọ́ òdòdó pé. Gbogbo ìlú tẹ̀ lé ọba dé oko, okùn wà lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́. Igi kìn-ín-ní funfun báláú, kò sí dúdú. Ẹ̀kejì bẹ́ẹ̀, ẹ̀kẹta bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ọba ti ń yára rìn. Títí dé ìkọkànlá, òdòdó ni. Wọ́n dé ìkejìlá.

Ṣóńṣó ẹ̀ka kan ti tẹ̀ kọdọrọ. Ewé rẹ̀ dúdú. Oje ń kán lára rẹ̀. Òjìji Ọdẹ́jìnmí so rọ̀ níbẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lórí ẹ̀ka náà gan-an.

"Ta ló ṣe é?" ni ọba wí. "Ta ló ṣe é?" ni gbogbo ìlú gbà.

Ọba súnmọ́ Ọdẹ́jìnmí, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Mọ́kànlá yè, nítorí náà mo mọ̀ pé ìwọ kọ́ ló ń pa oko mi. Àwọn ẹ̀ṣọ́ rí Yéyé Agẹ́ka nídìí igi yìí láàárọ̀ àná pẹ̀lú ọ̀bẹ rẹ̀. Sọ pé òun ni. Ọ̀rọ̀ kan péré, kí n tú òjìji rẹ fún ọ, kí o máa lọ bá ìyàwó rẹ."

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ náà ò wọ̀ ọ́ létí. Ó wọ̀ ọ́! Gbogbo ìfura tó ti fi ṣe ayé dìde nínú rẹ̀. Ó ń sọ fún un pé, àbí Yéyé náà ló fọwọ́ kàn án lóòótọ́? Kí ló wá ṣe níbẹ̀ láná? Ó wo ìyá arúgbó náà. Yéyé dúró lórí orúnkún rẹ̀ méjèèjì tó ń dùn ún, ó ń wo okùn, kò sì sọ pé "èmi kọ́." Ọdẹ́jìnmí rántí pé oṣù mẹ́ta ni obìnrin yìí fi ń kọ́kọ́ tọ́ oúnjẹ òun wò kí òun tó jẹ ẹ́. Omi lé ròrò sí i lójú. Ó sì mọ̀ dájúdájú bí àdá òun ṣe rí nígbà tí òun fi etí ẹ̀wù nù ún.

Ó ní, "Èmi ni."

Láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ ìlú Ta-Ló-Ṣe-É dó, ẹnikẹ́ni ò sọ gbólóhùn yẹn rí. Ẹ̀ṣọ́ tó mú okùn dání wo okùn náà, ó wo ọba, kò mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe.

Ọdẹ́jìnmí ní, "Mo fọ àdá fún mọ́kànlá. Mo mu ti ìkejìlá. Igi tí mi ò fọ àdá fún nìkan ló ṣàìsàn, ẹ fojú yín rí i. Bí ẹ bá máa so ẹnikẹ́ni, ẹ so mí. Àmọ́ ẹ fọ ọ̀bẹ yín."

Ìgbà náà ni Yéyé Agẹ́ka rìn jáde. Ó ní, "Èmi náà ni. Mi ò mọ̀ ni, àmọ́ èmi ni." Ọba Mi-Ò-Gbà kọjú sẹ́yìn oko. Ó wo ogójì igi gbígbẹ tó ní ojú èèyàn lára, àwọn èèyàn tí òun ti ní kí wọ́n so. Ó ní, "Èmi ni mo fi òfin de omi." Ó gba ọ̀bẹ bàbá ńlá wọn lọ́wọ́ Yéyé, ó tì í bọ inú iná fúnra rẹ̀, ẹ̀wù oje rẹ̀ sì jó tán lójú gbogbo wọn.

Ọ̀bẹ náà ni Yéyé mú wá síbi igi kejìlá. Ó fi apá wọn ẹ̀ka náà láti ibi dúdú wá sínú ibi tó tutù. Ọwọ́ òsì òjìji wà nínú ibi tó wọ̀n. Ọdẹ́jìnmí fò sókè, ó ní, "Yéyé, ẹ dákun! Ẹ gé e níbi tí dúdú parí sí, kí ọwọ́ mi lè kù fún mi!"

Yéyé ní, "Ọmọ mi, ìwọ lo kọ́ mi. Bí mo bá ṣàánú ọwọ́ rẹ, gbogbo rẹ ni yóò lọ." Ó ń sunkún bó ṣe ń gé e. Wọ́n kó ẹ̀ka náà sínú iná, ọwọ́ òjìji sì bá a jóná. Wọ́n tú ìyókù fún un, ó lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ padà.

Ní ẹnubodè, Olójú-Lẹ́yìn ní, "Ṣé o ti mọ̀ ọ́n?" Ọdẹ́jìnmí ní, "Ọ̀bẹ tí a kò fọ̀ ni, lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe dáadáa." Iwin wo òjìji rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó kà á, ó ní kò pé, àmọ́ òjìji ni. Ó jẹ́ kó kọjá. Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ ṣì ń gbé ọbẹ̀ rẹ̀ sórí ààrò lálaalẹ́. Ó jẹ ẹ́ láìbéèrè ohunkóhun. Àmọ́ àwọn ará ìlú rí òjìji rẹ̀ nínú oòrùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, pé ó ti fi ọwọ́ kan ṣoògùn. Òun náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí wọn. Nígbà tó yá, ó kó ìyàwó rẹ̀, wọ́n ṣí lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ wọ́n.

Ó tán. Ṣe ni Lánìyọnu ń rẹ́rìn-ín. O ní kí ni? O ní irọ́ ni, pé ọtí ló ń sọ ọ́? Ẹ gbọ́, ìyàwó mi ti jáde wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kí lẹ wí, Ìyá Àgbà?

"Mo ní kí o dìde, jàre. Ọdún mélòó lo fẹ́ fi máa sá fún oòrùn? Dìde kí wọ́n rí i."

Ó dáa. Ẹ fún mi lọ́wọ́. Ẹ sún sẹ́yìn. Mo ti bọ́ sínú oòrùn, ẹ wo ilẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún mi nìyẹn, mò ń jù ú, ó ń jù nílẹ̀. Ọwọ́ òsì nìyí, mo gbé e sókè, gbogbo yín rí i lára mi. Ẹ wá a nílẹ̀. Lánìyọnu, bẹ̀rẹ̀ dáadáa kí o wá a. Kò sí, àbí?

Kí ẹnì kan nínú yín wá bi mí pé ta ló mu ògógóró náà.

Èmi ni. Ẹ gbé emu yẹn wá, kí Lánìyọnu bu tèmi fún mi, kò sì gbọdọ̀ tọ́ ọ wò.